Ọjọ́ Tí Mo Fi Nọ́ńbà Náìnì Pamọ́ sí Omifunfun

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹ má jókòó bí ẹni tó fẹ́ sáré jáde. Mo gbọ́ ariwo yín lánàá láti ibi ìwòran bọ́ọ̀lù ní oríta Ọ̀rẹ̀, ó wọlé bá mi lórí ibùsùn. Ẹ mọ orúkọ gbogbo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lókè òkun, ẹ mọ orúkọ ìyàwó wọn, ẹ tún mọ ọkọ̀ tí wọ́n ń wà. Kò burú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀kan nínú yín bi mí pé, "Bàbá, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ ti ṣe kóòṣì rí?" ọ̀rọ̀ náà gún mi díẹ̀. Ẹ ò jẹ̀bi. Pápá tí mo ti ṣe é ti di ilé epo.

Ọmọ Èkìtì ni mí. Iṣẹ́ tíṣà ló gbé mi wá sí Odìgbó, pé kí n wá máa kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Àpótí kan àti ẹní kan ni mo gbé dé. Lọ́jọ́ kejì ni Pírínsípà pè mí, ó ní, "Ṣé ẹ ti gbá bọ́ọ̀lù rí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ó dáa, ẹ̀yin ni gémù-másítà wa." Ó padà sórí ìwé tó ń kọ. Bí iṣẹ́ tí mo fi gbogbo agbára mi ṣe láyé ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Kò sí pápá nígbà náà. Àwọn ọmọ tó bá pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń fi àdá ṣán an. Ẹ ò lè mọ bí ìró àdá ogójì ọmọ ṣe máa ń rí láàárọ̀ kùtù, tí ẹ̀rọ tó ń la pákó sì ń ké lọ́nà jíjìn. Eérú la fi ń fa ìlà. Àwọn obìnrin tó ń yan gaàrí ní Àgọ́ Aláyè ló ń fún wa ní eérú ààrò wọn. Bí òjò bá rọ̀ nígbà tí a bá ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, ìlà á pa rẹ́, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀. Àwọ̀n tó wà lára òpó góòlù wa, àwọ̀n ìpẹja tó ti ya ni, àwọn apẹja Ìlàjẹ ló fún wa. Òórùn ẹja ò kúrò lára rẹ̀ títí. Jọ́sẹ̀, gólì wa, ọmọ Agbabu tó ga bí òpó iná, máa ń sọ pé eṣinṣin ni òun ń lé ju bọ́ọ̀lù lọ.

Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo la ní. Bí ojú rírán rẹ̀ bá là, fọkanáísà ní oríta Ọ̀rẹ̀ ló ń bá wa lẹ̀ ẹ́. Nígbà tí fọkanáísà náà ò rí gọ́ọ̀mù rà mọ́, Jọ́sẹ̀ bu ọ̀dà dúdú tó ń sun láti inú ilẹ̀ ní ìlú wọn wá nínú agolo, a fi dí i. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fi orí gbá bọ́ọ̀lù wa, iwájú orí rẹ̀ á dúdú. Àwọn ìyá wọn á fi kẹrosín-ìn fọ̀ ọ́ títí. Bí mo bá fẹ́ mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ àti ẹni tó rìn gbẹ̀rẹ̀ lórí pápá, iwájú orí wọn ni mo máa ń wò. Ọmọ kan wà tí iwájú orí tirẹ̀ kì í mọ́. Ikúmápàyí lorúkọ rẹ̀, ọmọ Omifunfun. Mápàyí la ń pè é. Òun ni nọ́ńbà náìnì mi.

Kí ọmọ tó lè gbá bọ́ọ̀lù fún mi ní Sátidé, mo ní láti kọ́kọ́ bá bàbá rẹ̀ jà, torí ọmọ ló ń ṣiṣẹ́ oko. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù lọ sóko. Lọ́jọ́ Jímọ̀ a ó lọ bá bàbá kan fọ́ kòkó, àwa mẹ́rìndínlógún, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin á parí lọ́jọ́ kan. Bàbá á wò mí, á ní, "Tíṣà, ẹ máa mú un lọ ní tiyín." Lórí òkìtì kòkó ni àwọn ọmọ náà ti mọ ara wọn. Ẹni tó ń gé, ẹni tó ń ju, ẹni tó ń kó, wọn ò wo ojú ara wọn mọ́ kí wọ́n tó mọ ibi tí ọwọ́ èkejì wà. Nígbà tí wọ́n dé orí pápá, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ife-ẹ̀yẹ ìpínlẹ̀ wọ Odìgbó lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn. Wọ́n gbé mi lé èjìká yí ọjà po. Orí mi wú, n kò ní purọ́ fún yín.

Ìgbà náà ni àwọn sójà gbàjọba.

Ẹ̀yin kàn ń gbọ́ ọ ni. Ní ibùdókọ̀ Ọ̀rẹ̀, wọ́n na okùn, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn máa tò. Mo rí bàbá kan tó tó bàbá mi, tí wọ́n ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ torí pé ó kọjá ìlà. Mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ, ìrẹsì, gbogbo rẹ̀ di ohun tí èèyàn ń tò fún láti ìdájí. Wọ́n ń ka orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti lé lórí rédíò. Àwa tíṣà á jókòó yí rédíò Pírínsípà ká, kò sí ẹni tó ń mí. Bí wọ́n bá kà á tán tí orúkọ wa kò sí níbẹ̀, a ò jẹ́ yọ̀, torí pé ẹni tí wọ́n ka orúkọ rẹ̀ lè wà láàárín wa. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìjọba á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn.

Wọ́n gbé ọ̀gá sójà kan wá sí àgbègbè wa. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù gan-an. Bàtà bọ́ọ̀lù mọ́kànlá ló kọ́kọ́ kó wá fún wa, tuntun, tí àwọn ọmọ ń gbóòórùn bí oúnjẹ. Ọkọ̀ agbégẹdú la ti ń wọ̀ lọ sí ìdíje tẹ́lẹ̀, a ó di okùn mú lórí pákó. Ó yọ̀ǹda ọkọ̀ sójà fún wa. Inú mi dùn. Ó máa ń wá jókòó lábẹ́ igi nígbà tí a bá ń ṣe ìdánrawò, á máa tọ́ka sí Mápàyí. Kò mọ orúkọ ọmọ náà. "Number nine," ló ń pè é. Kò bá èmi sọ̀rọ̀ rí. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, sájẹ́ǹtì rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan, ló ń sọ ọ̀rọ̀ fún, sájẹ́ǹtì á wá fi Yorùbá sọ ọ́ fún mi. Lọ́jọ́ kan sájẹ́ǹtì ní, "Tíṣà, ọ̀gá ti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Àkúrẹ́ pé ife ọdún yìí, tòun ni. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí?" Mo ní mo gbọ́.

A dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Òkìtìpupa la ti gbá a, òjò ń rọ̀. Ó ku bí ogún ìṣẹ́jú, kò tíì sí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé nínú àwa àti àwọn, ni Mápàyí fò sí bọ́ọ̀lù kan, orí rẹ̀ sì kan òpó góòlù. Ìró náà dà bí ìgbà tí èèyàn fi àáké gbá igi. Ó ṣubú, kò mira.

Lónìí, mo rí i nínú tẹlifíṣọ̀n yín, bí orí bá kan orí, rẹfirí á fọn fèrè, dókítà á sáré wọlé, wọ́n á máa bi ẹni náà lọ́rọ̀, wọ́n á gbé e jáde bó tilẹ̀ ń bínú. Nígbà tiwa, korobá omi kan ni mo ní. Mo da omi náà lé e lórí. Ó lajú, ó dìde. Mo ní, "Ṣé o lè gbá a?" Ó ní, "Mo lè gbá a, sà." Mo wo ojú rẹ̀. Ojú méjèèjì kò wo ibì kan náà. Mo rí i, ẹ̀yin ọmọ yìí. Kò sí ẹlòmíràn tó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Mo rí i, mo gbá a léjìká, mo ní kó padà wọlé.

Kò pẹ́ sí i tó fi orí gbá bọ́ọ̀lù wọlé. A borí.

Nínú ọkọ̀, orin ni àwọn ọmọ ń kọ. Mápàyí jókòó tì mí. Ó ní, "Sà, ta ló borí?" Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Àwa ni. Ìwọ lo gbá a wọlé." Ó mi orí. Ó bì sí ẹsẹ̀ mi. A kò tíì dé Ọ̀rẹ̀ tó tún fi bi mí pé, "Sà, ta ló borí?" Àwọn díẹ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó bi mí lẹ́ẹ̀kẹta, orin dá.

Mo fi alùpùpù mi gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kan. Ọ̀dọ́ ni, ojú rẹ̀ ti pọ́n fún àìsùn. Ó tan iná sí ojú ọmọ náà, ó ní kó tọ ìlà kan tààrà, ọmọ náà yà bàrá. Dókítà mú mi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ìwé tí a fi ń ya àwòrán inú orí ti tán láti oṣù mélòó kan," ló wí. "Mi ò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún yín. Ohun tí mo lè sọ ni pé tó bá jẹ́ àbúrò mi ni, kò ní fi orí kan bọ́ọ̀lù lọ́dún yìí. Bí wọ́n bá tún gbá a lórí, ó lè sùn kó má jí."

Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù sí àṣekágbá. Mo lọ bá Pírínsípà nílé. Èèyàn dáadáa ni, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó ti fèrèsé.

"Tíṣà, ṣé ẹ gbọ́ àwọn tí wọ́n kà lọ́sẹ̀ tó kọjá? Mo ní ọmọ méje."

Mo ní, "Ọ̀gá, ọmọ yìí lè kú."

Kò wo ojú mi. Ó ní, "Ó sì lè má kú."

Mo rìn lọ sílé. Mi ò lè bínú sí i, torí pé ohun tó sọ yẹn gan-an ni èmi náà ti ń sọ nínú ara mi láti Òkìtìpupa.

Lọ́jọ́bọ̀, mo ní kí Mápàyí gun ẹ̀yìn alùpùpù. Ó rò pé ọ̀dọ̀ dókítà la tún ń lọ. Nígbà tó rí i pé ọ̀nà Omifunfun ni mo kọrí sí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí láti ẹ̀yìn. "Sà, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn tó ń yan agbábọ́ọ̀lù fún ìpínlẹ̀ ń bọ̀ ní Sátidé. Ìlàjì péré, sà. Mi ò ní fi orí gbá a." Ọ̀nà náà jẹ́ ẹrẹ̀, mi ò lè wẹ̀yìn. Mo ń gbọ́ ọ bó ti ń sunkún.

Ìyá rẹ̀ ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé. Opó ni. Ìkálẹ̀ ló ń sọ, mo sì ti ń gbọ́ ọ dáadáa nígbà náà. "Tíṣà, ẹ káàbọ̀. Kí lọmọ mi ṣe?" Mo sọ ohun gbogbo fún un. Mo lè fi ibì kan pamọ́, ṣùgbọ́n n kò fi í pamọ́. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ẹ rí i pé ojú rẹ̀ kò wo ibì kan náà?"

"Mo rí i, ìyá."

"Ẹ wá dá a padà sínú bọ́ọ̀lù?"

"Èmi ni mo dá a padà."

"Ọmọ mẹ́ta ni mo sin kí n tó bí eléyìí. Mo sọ ọ́ ní Ikúmápàyí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ṣé ẹ ò lè ka orúkọ ni?"

Ó dìde, ó wọ yàrá, ó kó gbogbo aṣọ ọmọ náà, èyí tó mọ́ àti èyí tó dọ̀tí, ó rẹ gbogbo rẹ̀ sínú omi kó má bàa rí aṣọ wọ̀ lọ síbi bọ́ọ̀lù. Ó fún un ní ìró tirẹ̀ kan pé kó ró o, ó sì ní kí àbúrò ọkọ òun mú un lọ sí abà tó jìn. Mápàyí ò wò mí bó ti ń lọ. Mo ní, "Ìyá, bí sójà bá wá, ẹ sọ pé ó wà lóko." Ó ní, "Oko náà ló wà. Ẹ máa lọ, Tíṣà. Ẹ tọ́jú ara yín."

Ní Sátidé, pápá Àkúrẹ́ kún dẹ́nudẹ́nu. A ti ń wọ aṣọ nígbà tí ọkọ̀ jíìpù ọ̀gá sójà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó fi ojú ka àwọn ọmọ, ó sọ gbólóhùn kan fún sájẹ́ǹtì.

"Ọ̀gá ní, nọ́ńbà náìnì dà?"

"Ara rẹ̀ kò yá. Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù."

"Ọ̀gá ní ẹ sọ ibi tó wà. Ọkọ̀ á lọ gbé e báyìí."

Sájẹ́ǹtì sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni pé ó ṣì ń túmọ̀. "Tíṣà, ẹ fún mi ní nǹkan tí mo lè sọ. Ẹ ní inú ń run ún. Ẹ ní ìyá rẹ̀ ló mú un sá lọ. Ẹ má ṣáà sọ pé ẹ̀yin lẹ ní kó má wá. Ẹ jọ̀ọ́."

Ojora mú mi. Mo rí ọ̀nà tó là sílẹ̀ fún mi yẹn, ó tẹ́jú. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ pé ìyá rẹ̀ ló mú un sá lọ, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa lọ. Mo kọjú sí ọ̀gá náà fúnra rẹ̀, mo fi gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé èmi ni mo ní kó má wá, mi ò sì ní sọ ibi tó wà. Ìgbà àkọ́kọ́ tó wo ojú mi nìyẹn.

Ó ní kí àwọn ọmọ tò. Sájẹ́ǹtì ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Jọ́sẹ̀ ti rí mi lọ́jọ́bọ̀ yẹn tí mo gbé Mápàyí kọrí sí ọ̀nà Omifunfun. Ó tiẹ̀ juwọ́ sí wa. Nígbà tó kàn án, mo tijú fún ara mi, torí pé mo ti ń rò ó pé ó máa sọ. Ó ní, "A ò mọ̀, sà." Sájẹ́ǹtì gbá a létí. Ó tún ní, "A ò mọ̀, sà."

Wọ́n tì mí sẹ́yìn jíìpù, wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ ni mo wà tí wọ́n fi gbá àṣekágbá. Ẹ̀yìn èèyàn nìkan ni mo ń rí, etí ni mo fi ń wò ó. Mo mọ ìgbà tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ wa nípa bí àwọn ará Odìgbó ṣe ń ké. Mo mọ ìgbà tí Jọ́sẹ̀ mú un. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ní ìsinmi àárín, àwọn ọmọ ń wo ọ̀nà ọ̀dọ̀ mi, kò sí ẹni tó lè bá wọn sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé títí ó fi kù díẹ̀ kó parí. Ariwo kan wá bẹ́, kì í ṣe tiwa. Mo tẹ orí ba.

Nígbà tí èrò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ sínú oòrùn, kí n na ọwọ́ méjèèjì sókè. Tíṣà tí wọ́n gbé léjìká yí ọjà po. Àwọn kan nínú èrò dúró láti wò. Mo gbọ́ ẹ̀rín. Mo wá rí bàtà bọ́ọ̀lù tí ẹrẹ̀ bò tó dúró níwájú mi. Jọ́sẹ̀ ni, etí rẹ̀ ti wú. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó dojú kọ èrò. Èkejì wá dúró tì í, òun náà kọ ẹ̀yìn. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ yí mi ká, gbogbo wọn, tí ẹnikẹ́ni kò fi lè rí mi mọ́, tí àwọn náà kò sì wò mí. Sájẹ́ǹtì yẹ ojú sí ibòmíràn.

Kò tó oṣù kan tí wọ́n fi gbé mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan létí omi, níbi tí kò sí ilẹ̀ gbígbẹ tó tó gbá bọ́ọ̀lù. Mo wà níbẹ̀ títí wọ́n fi gbé ọ̀gá náà kúrò, tí wọ́n sì dá mi padà. Mo tún gba ife lẹ́yìn náà, ẹ lè lọ béèrè. Ṣùgbọ́n Mápàyí kò padà sí ilé ẹ̀kọ́. Ó ń la pákó ní Ọ̀rẹ̀. Orí fífọ́ bá a jà fún ọdún kan kó tó fi í sílẹ̀. Bí ó bá rí mi lójú ọ̀nà, á sọdá sí òdìkejì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Ọmọ kan nínú ẹgbẹ́ tó borí wa lọ́jọ́ náà gbá bọ́ọ̀lù fún ìpínlẹ̀. Mo mọ̀ pé Mápàyí mọ̀.

Ó kan ilẹ̀kùn mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti di àgbà ọkùnrin, irùngbọ̀n ti hù. Kò dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Sà, màmá mi ti lọ. Kó tó lọ, ó ní èmi fúnra mi ni kí n wá sọ fún yín."

Mo ní kó jókòó. Ó dúró.

"Mo fẹ́ sọ òótọ́ kan, sà. Mi ò tíì gbà pé ohun tẹ́ ẹ ṣe dáa. Mo lè gbá a lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ̀ ọ́n nínú ara mi."

Mo ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní ohun tí mo lè fi hàn ọ́ pé o ò bá ti kú."

Ó wo ilẹ̀. "Ọjọ́ Jímọ̀ la ó sin ín," ló wí, ó sì lọ.

Mo lọ sí Omifunfun. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo dúró sí, láàárín àwọn àlejò, torí mi ò mọ ibi tó yẹ mí. Pásítọ̀ gbàdúrà tán, ó ní kí àwọn ọmọ òkú wá da erùpẹ̀. Mápàyí nìkan ló kù fún un. Ó bọ́ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀, ó bu erùpẹ̀, ó wá dúró tó ń wo àárín èrò. Ó já èrò kọjá títí ó fi dé ọ̀dọ̀ mi. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó fà mí lọ sí ẹnu sàréè, ó pín erùpẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí méjì, ó sì da ìdajì sí mi lọ́wọ́.